Ohun tí Sherifat Ń Ṣe Lẹ́yìn Ìyá Àgbà

Ìyá Fáòsíátù kò jẹ́ kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ṣé Sherifat máa ń bọ́jú fúnra rẹ̀ láàárọ̀?" Adébísí bèèrè, ó gbé bírò lé fọ́ọ̀mù.

"Bọ́jú kẹ̀? Èmi ni mo ń bọ́ ọ fún un."

"Aṣọ ńkọ́? Ṣé ó máa ń wọṣọ fúnra rẹ̀, kódà bó jẹ́ apá kan?"

"Kí n wà láàyè, kí ọmọ mi wá máa bá aṣọ jìjàkadì? Rárá o. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo ń wọ̀ ọ́ fún un."

Adébísí kọ ọ́ síbẹ̀. Ibùdó ìtọ́jú àwọn ọmọdé kan ni wọ́n wà, lẹ́bàá márosẹ̀ ní Òkòkòmáíkò, níbi tí ariwo àwọn tó ń pe èrò máa ń gba ojú fèrèsé wọlé láti àárọ̀ dalẹ́. Iṣẹ́ Adébísí níbẹ̀ ni láti wo ohun tí ọmọ tí ara rẹ̀ kò pé ń ṣe lójoojúmọ́: bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń wẹ̀, bó ṣe ń lọ sí ilé ìyàgbẹ́, bó ṣe ń kúrò níbì kan dé ibòmíràn. Ìgbà tó bá mọ ìyẹn ló tó lè mọ ibi tí ìtọ́jú yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ọdún méje ni Sherifat. Ọjọ́ tí wọ́n bí i, ó pẹ́ kó tó ké. Àwọn dókítà ní afẹ́fẹ́ kò tètè dé ọpọlọ rẹ̀, ibi tó ń darí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ló sì fara gbá a. Sípì ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pe irú àìlera bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì le gbagidi, kò lè dá dúró. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ká mọ́ àyà. Ọ̀rọ̀ a máa pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti jáde, kò sẹ́ni tí kò ní gbọ́ ọ.

Adébísí bu omi díẹ̀ sínú ife, ó gbé e síwájú ọmọ náà lórí tábìlì.

"Sherifat, ó yá, mu omi kí n rí ọ."

Sherifat wo ife, ó wo ìyá àgbà, ó sì gbójú sílẹ̀. Kí Adébísí tó tún la ẹnu, ife ti bọ́ sọ́wọ́ Ìyá Fáòsíátù, ó sì ti wà lẹ́nu ọmọ.

"Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ni," ìyá àgbà wí, ó fi etí ìborùn nu àgbọ̀n ọmọ náà.

Báyìí ni wọ́n ṣe fọ́ọ̀mù náà tán. Nígbà tí Adébísí ro máàkì rẹ̀ pọ̀, méjìlélógún nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ó ṣe é bí ohun tí kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ohun tó gbọ́ náà ni ó kọ. Ohun kan ṣoṣo ló rí tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Nígbà tí Ìyá Fáòsíátù bẹ̀rẹ̀ láti wá káàdì nínú báàgì, Sherifat yára fi àtàǹpàkò òsì tú okùn sálúbàtà rẹ̀ tó ń há a lẹ́sẹ̀, ó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó tún un dè. Bí ìyá àgbà ṣe gbórí sókè báyìí, ọwọ́ ọmọ ti padà sórí itan, bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Adébísí kọ àmì ìbéèrè kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ máàkì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ilé-ìwé aládàáni kan wà nítòsí ilé wọn ní Ìbà, àwọn ọmọ àdúgbò ló ń lọ síbẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé náà, Ìyáàfin Ọ̀ṣúnkẹ́mi, kò lé wọn, ṣùgbọ́n ó ti là á mọ́lẹ̀ fún Bùsáyọ̀, ìyá Sherifat: "Ẹ bá mi gba ìwé wá láti ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Tó bá lè jẹun fúnra rẹ̀, tó lè lọ sí ilé ìyàgbẹ́, tó sì lè ti orí àga kan dé òmíràn, a ó gbà á wọlé ní Sẹ̀tẹ́ńbà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a kò ní òṣìṣẹ́ tí yóò máa gbé e kiri." Ilé-ìwé àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara tí wọ́n tún júwe fún wọn, òdìkejì Èkó pátápátá ló wà. Ta ni yóò máa gbé e lọ gbé e bọ̀?

Aránṣọ ni Bùsáyọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wá pe Adébísí lórí fóònù.

"Àǹtí, mo ti rí ìwé yín."

"Ẹ má bínú, Ìyá Sherifat. Ohun tí mo gbọ́ ni mo kọ."

"Mi ò bínú sí yín. Ara mi ni mo ń bínú sí. Ká ní èmi lẹ bi, mi ò mọ ohun tí ǹ bá dáhùn. Aago méje àárọ̀ ni mo ti ń jáde, ìgbà tí màá bá fi dé, wọ́n ti fún un lóúnjẹ, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ ohun tí ọmọ mi lè ṣe." Ó bú sẹ́kún.

Adébísí dúró kó sunkún tán. "Ìbéèrè méjì ló wà lórí ìwé yẹn, Ìyá Sherifat. Ọ̀kan ni, kí ni ọmọ lè ṣe? Èkejì ni, kí ni ọmọ ń ṣe? Wọn kì í ṣe ìkan náà. Lọ́fíìsì mi, mi ò rí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Màmá ni mo rí. Ẹ jẹ́ kí n wá sílé yín."

Bùsáyọ̀ rò ó. "Ẹ wá o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kó má dà bíi pé ẹ wá ká Màmá mọ́. Ẹ ò mọ ohun tí obìnrin yẹn ti ṣe fún mi."

Ó wá sọ fún un. Nígbà tí Sherifat pé ọmọ ọdún méjì tí ọrùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúró, àwọn ẹbí kan ní Ìsẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ká wá ibì kan gbé ọmọ náà sí. Ìyá Fáòsíátù, ìyá ọkọ rẹ̀, ló dìde láàárín wọn. Ó ní, "Ẹni tó bá ti rẹ̀, kó gbé e fún mi." Ó kó ẹrù rẹ̀, ó bọ́ sí Èkó, ó sì gbé ọmọ náà pọ̀n. Láti ìgbà náà ni kò ti sọ̀ ọ́, títí ẹsẹ̀ Sherifat fi gùn dé orúnkún ẹni tó pọ̀n ọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó sọ̀ ọ́, a ní, "Ọmọ tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Kí n máa pọ̀n ọ́n lọ bẹ́ẹ̀, kó má mọ̀."

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, Adébísí wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwà láti Òkòkòmáíkò lọ sí Ìbà. Ó ju aago mẹ́rin lọ díẹ̀ nígbà tó dé ilé náà, ilé tí yàrá kọjú sí yàrá. Ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀, kọ́tìnì nìkan ló bò ó. Adébísí ti fẹ́ ké àgò nígbà tó gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ nínú ilé, ó sì fi ìka kan ta kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìyá Fáòsíátù dúró lórí ẹní ìkírun. Ó kọjú sí gábàsì, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Ìrun Àsárì ló ń kí, kì í sì í kánjú kírun. Ẹni tó bá ti wọ inú ìrun kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn, kò gbọdọ̀ bá èèyàn sọ̀rọ̀. Adébísí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Lẹ́yìn ìyá àgbà, Sherifat kò jókòó sójú kan. Ó ń fi ìdí wọ́ lọ lórí ilẹ̀. Á na ọwọ́ òsì síwájú, á fi tẹ ilẹ̀, á fa ìdí tẹ̀lé e, á tún na ọwọ́. Igun yàrá ló ń lọ, níbi tí kẹ́tùlù oníke tí ìyá àgbà fi ṣe àlùwàlá wà nínú ọpọ́n kan, omi díẹ̀ ṣì kù nínú rẹ̀.

Kò gbìyànjú láti gbé kẹ́tùlù náà. Ó fi ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ká náà há a nídìí, ó fi èjìká tì í díẹ̀díẹ̀ títí ẹnu kẹ́tùlù fi tẹ̀ sílẹ̀. Omi tín-ín-rín bẹ̀rẹ̀ sí í sun. Ó gbọ́wọ́ òsì sí i. Ó fọ ọwọ́ náà, ó yọ omi sẹ́nu, ó tú u dà sínú ọpọ́n, ó bọ́jú. Ó wá mú ọwọ́ ọ̀tún, ó ń ṣí àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣí ewé ẹ̀kọ, ó sì ń fi omi pa wọ́n títí dé ìgúnpá.

Adébísí ti yọ fọ́ọ̀mù jáde. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Bọ́jú: ó ń ṣe é. Fọ ọwọ́: ó ń ṣe é. Kúrò níbì kan dé ibòmíràn: ó ń ṣe é.

Híjáàbù kékeré kan wà ní etí bẹ́ẹ̀dì. Sherifat wọ́ débẹ̀, ó fi eyín di etí rẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ òsì na ìyókù sókè, ó sì dà á borí. Aṣọ bo gbogbo ojú rẹ̀. Ó mi orí sọ́tùn-ún, ó mi í sósì, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ fa aṣọ, títí ojú rẹ̀ fi yọ lójú ihò. Ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ aṣọ òkè: ó ń ṣe é.

Ó wá wọ́ wá sí ẹ̀yìn ìyá àgbà, ní ọwọ́ ọ̀tún díẹ̀, ó tún ara rẹ̀ ṣe. Nígbà tí ìyá àgbà tẹ̀, òun náà tẹ̀. Nígbà tí ìyá àgbà forí kanlẹ̀, òun náà forí kanlẹ̀, ó sì fi ìgúnpá òsì gbé ara rẹ̀ dìde.

Ìgbà tó gbórí sókè lẹ́ẹ̀kejì ló rí Adébísí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ranjú. Ó mi orí fún un, ó mi í gidigidi: ẹ má sọ̀rọ̀. Ibi tó ti ń wo Adébísí, tó ń bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ojú, ni ìyá àgbà ti yíjú sọ́tùn-ún, tó yíjú sósì, tó parí ìrun. Ìgbà tó yíjú sọ́tùn-ún ló rí etí híjáàbù.

Ìyá Fáòsíátù yípo. Ó wo ọmọ náà. Ó wo ojú rẹ̀ tó tutù fún omi. Ó wo kẹ́tùlù tó dùbúlẹ̀ nínú ọpọ́n.

"Àbẹ̀kẹ́." Oríkì tó fi ń pè é nìyẹn. "Ta ló ṣe àlùwàlá fún ọ?"

"Èmi ni."

"Ìwọ wo?"

"Èmi... náà."

"Ta ló wọ híjáàbù fún ọ?"

Sherifat fi ìka kan àyà ara rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti inú... ààwẹ̀."

Oṣù Júnì ni wọ́n wà yìí, ààwẹ̀ sì ti kọjá tipẹ́tipẹ́. Ìyá àgbà tún un rò. Ìrun márùn-ún lójúmọ́, láti ìgbà náà wá.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Ọmọ náà gbé ọ̀rọ̀ náà mì lẹ́ẹ̀kan kó tó jáde. "Ẹ máa... gbà á lọ́wọ́ mi."

Ìyá Fáòsíátù gbójú kúrò lára ọmọ náà, ó wo ẹnu ọ̀nà. Ìgbà yẹn ló rí Adébísí. Kò bi í pé kí ló wá ṣe.

"Àǹtí, ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i, Màmá. Mo rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

"Ọdún márùn-ún." Omi ti ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ọdún márùn-ún ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí ọmọ yìí bá mi kírun lọ́jọ́ kan. Iwájú ni mo kọjú sí tí mo ń tọrọ. Ẹ̀yìn mi lohun tí mo ń tọrọ wà."

Adébísí bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọlé, ó jókòó sílẹ̀ tì wọ́n. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ, Màmá. Ẹni tó ń wò ló ń ṣe bíi tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tún fọ́ọ̀mù yìí kọ. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, Sherifat ni màá bi."

Ó bi í. Ọmọ náà dáhùn gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì dúró dè é bí ọ̀rọ̀ bá pẹ́. Ó lè bọ́ sálúbàtà. Ó lè mu omi tí ife kò bá kún. Ó lè sọ bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n kò tíì dá dé ilé ìyàgbẹ́ rí. Ṣíbí kò tíì dé ọwọ́ rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n parí, máàkì rẹ̀ di mẹ́rìnlélógójì.

"Kò tíì tó fún ilé-ìwé," Adébísí wí. "Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tó kù yìí, kì í ṣe pé ó gbìyànjú tí kò ṣeé ṣe. Kò tíì gbìyànjú rẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kẹ́ ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Màmá, iṣẹ́ tó le jù lọ, ọwọ́ yín ló wà."

"Kí ni iṣẹ́ náà?"

"Kẹ́ ẹ jókòó."

Lóòótọ́, iṣẹ́ tó le ni. Ní àárọ̀ kejì, Sherifat lo ogún ìṣẹ́jú lórí ṣòkòtò kan ṣoṣo, ó sì ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ ihò kan. Ìyá Fáòsíátù di tẹ̀sùbáà rẹ̀ mú bí ẹni tí odò fẹ́ gbé lọ. Ó ti bá ara rẹ̀ dá a pé òun kò ní fọwọ́ kan ọmọ náà bí òun kò bá tíì ka ìlẹ̀kẹ̀ náà tán lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà míì ó kà á tán lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Aládùúgbò wọn kan yọjú, ó ní, "Ìyá, ẹ ò rí ọmọ yìí ni? Ẹ ràn án lọ́wọ́ o." Ìyá àgbà dá a lóhùn pé, "Mò ń ràn án lọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ tí mò ń ṣe lẹ rí yẹn."

Bùsáyọ̀ náà kò fọwọ́ lẹ́rán. Ó rán yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé náà bó ṣe wù ú: ó fi rọ́bà sí ìdí síkẹ́ẹ̀tì, ó la ẹ̀gbẹ́ bùláòsì lápá ọ̀tún kí ọwọ́ tó ká lè ráyè wọlé, ó sì fi bọ́tìnnì tó tóbi bí owó onírin síwájú. Ó fi àjákù aṣọ wé ìdí ṣíbí títí ó fi sanra bí àgbàdo, kí ọwọ́ òsì lè dì í mú dáadáa. Muheez, bàbá Sherifat, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jà Alaba, ra páìpù irin, ó sì mú wẹ́lídà wá sílé lọ́jọ́ Sọ́ńdè láti dè é mọ́ ògiri ilé ìyàgbẹ́. Adébísí yá wọn ní wọ́kà kan, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ọmọdé fi ń kọ́ ìrìn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Sherifat kàn dì í mú, ó dúró. Ní ọjọ́ kẹfà, ó ti ibi àga dé ibi bẹ́ẹ̀dì, ìṣísẹ̀ mẹ́rin.

Ọjọ́ kẹsàn-án ló ṣubú. Ilé ìyàgbẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ lára páìpù, ó sì fi ètè gba ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dà. Ìyá Fáòsíátù já wọ ibẹ̀, ó gbé e mọ́ra, ó pariwo: "Ó tó! Mo ní ó tó! Ẹ gbé ìwé yín dání, ilé-ìwé kò pọn dandan!" Bùsáyọ̀ sáré dé láti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fi omi tútù wẹ ètè náà títí ẹ̀jẹ̀ fi dá.

Lẹ́yìn náà ni Sherifat sọ̀rọ̀ láti àyà ìyá àgbà.

"Ìyá. Mi ò... tíì tọ̀."

Bùsáyọ̀ kò lè mú ẹ̀rín mọ́ra. Ìyá àgbà wo ọmọ náà pẹ́. Ó wá gbé e sọ̀ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́, ó padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjì, ó sì kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Sherifat di páìpù mú, ó wọlé, ó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe, ó sì jáde.

Ọjọ́ Fúráìdè kan ní oṣù Júláì ni wọ́n lọ sí ilé-ìwé. Bùsáyọ̀, Ìyá Fáòsíátù àti Adébísí jọ lọ, Sherifat sì wọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tuntun wà lọ́wọ́ Adébísí. Mẹ́tàdínláàádọ́rin ni máàkì tó wà lórí rẹ̀.

Ìyáàfin Ọ̀ṣúnkẹ́mi kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ìwé dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fojú mi rí i." Ó ránṣẹ́ pe ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀, olùkọ́ kíláàsì kìíní. Wọ́n gbé ìrẹsì síwájú Sherifat. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú ṣíbí rẹ̀ tó sanra, díẹ̀ dà sí tábìlì, púpọ̀ wọ ẹnu. Ó ti orí àga dé orí àga. Ó lọ sí ilé ìyàgbẹ́, ó sì bọ̀.

"Ó dára gan-an," ọ̀gá wí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò tú. "Ohun kan wà tí mi ò rántí sọ fún yín. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni kíláàsì kìíní wà."

Bùsáyọ̀ wo Adébísí. Àtẹ̀gùn kò sí lórí fọ́ọ̀mù, kò sì sí lára ohun tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ọ, nítorí kò sí àtẹ̀gùn nílé wọn.

"Níbo... ló wà?" Sherifat bèèrè.

Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀ nawọ́ sí àtẹ̀gùn níta. Mẹ́rìnlá ni. Sherifat ti wọ́kà rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó dúró, ó wò ó láti ìsàlẹ̀ dókè. Ó wá yípo, ó kẹ̀yìn sí àtẹ̀gùn, ó sì rọra jókòó lórí èyí àkọ́kọ́. Ó fi ọwọ́ òsì tẹ èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti ara rẹ̀ sókè, ìdí rẹ̀ sì gorí rẹ̀. Ọ̀kan nìyẹn.

Ní ẹ̀kẹfà, àwọn ọmọ tó wà lẹ́nu fèrèsé ti ń kà á. Ní ẹ̀kẹjọ, ó dúró láti mí. Òógùn ń kán ní imú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yọ̀, ó sì padà sórí èkeje gbì. Ìyáàfin Ọ̀ṣúnkẹ́mi sáré síwájú, ó na ọwọ́ méjèèjì láti gbé e.

"Ọ̀gá!" Ohùn Ìyá Fáòsíátù le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ lójú fèrèsé fi dákẹ́. "Ẹ dákun, ẹ fọwọ́ yín sílẹ̀. Kò tíì pè yín."

Ìyáàfin Ọ̀ṣúnkẹ́mi fọwọ́ sílẹ̀.

Sherifat tún gun ẹ̀kẹjọ. Ó gun ẹ̀kẹsàn-án. Ìyá àgbà dúró nísàlẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Àwọn ọmọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ìkẹwàá, ìkọkànlá, ìkejìlá. Nígbà tí wọ́n pariwo ìkẹrìnlá, gbogbo ògiri ilé-ìwé náà mì. Sherifat jókòó sókè pátápátá, síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kún fún eruku, ó ń rẹ́rìn-ín tí gbogbo eyín rẹ̀ hàn, èyí tó ti yọ àti èyí tó kù.

"Ìṣẹ́jú mọ́kànlá," Adébísí wí, ó ń kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́ọ̀mù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àyè fún un níbẹ̀.

Ìyáàfin Ọ̀ṣúnkẹ́mi yíjú sí olùkọ́ náà. "Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀," ó ní.

"Ẹ̀yin, mà."

"Tá a bá wọlé ní Sẹ̀tẹ́ńbà, ẹ kó kíláàsì kìíní wá sí ìsàlẹ̀, ẹ kó kíláàsì kẹrin lọ sókè. Ọmọ yìí kò ní máa gun àtẹ̀gùn yẹn lójoojúmọ́." Ó yíjú sí Bùsáyọ̀. "Mo fẹ́ rí i ni, mo sì ti rí i. Kíláàsì ló máa sọ̀ kalẹ̀ wá bá a."

Bùsáyọ̀ kúnlẹ̀. Ọ̀gá fà á dìde. Ìyá Fáòsíátù kò kúnlẹ̀, kò sì sunkún. Ó kígbe sókè pé, "Àbẹ̀kẹ́, báwo lo ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀?"

"Bí mo ṣe... gòkè," ọmọ náà dáhùn. Ó sì sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ìdí gbá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ sì ń kà á padà sẹ́yìn.

Ní Sẹ̀tẹ́ńbà, ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà lẹ́nu géètì kí aago ìjáde tó dún: Bùsáyọ̀, Muheez tó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, àti Ìyá Fáòsíátù tó ti dé ibẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú wọn. Nígbà tí Sherifat jáde, táì rẹ̀ ti yí sẹ́yìn, yíǹkì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, bọ́tìnnì kan sì ti já.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ?" ìyá rẹ̀ bèèrè.

"Mo bá... Olúwadára jà."

"Nítorí kí ni?"

"Ó jókòó sórí... àga mi."

Muheez bo ẹnu rẹ̀. Bùsáyọ̀ fẹ́ bá a wí, kò mọ bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà nìkan ló bi í ní ohun tó yẹ ká bi í.

"Ta ló wá jókòó sórí rẹ̀ níkẹyìn?"

"Èmi ni," Sherifat wí, kíá báyìí, ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ rárá. Ó ti wọ́kà rẹ̀ síwájú, ó sì kọjá lára wọn lọ sójú ọ̀nà.